Ta Ló Ń Bèèrè Àṣẹ Nínú Kọ̀ǹpútà Mi?

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun lásìkò, àbí iwájú kọ̀ǹpútà náà ni o ṣì ti ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní ọ̀sán? Àwa níbí wà dáadáa. Orúnkún mi ti dákẹ́, ó ku etí. Ìyẹn kò ní sàn mọ́, mo ti gba kámú: ẹni tó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá fún iye ọdún tí mo fi jókòó tì í, etí ló máa fi san án. Nítorí náà má sọ pé kí n gba fóònù. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá sì ní òun á bá mi jíṣẹ́, o mọ̀ ọ́n: iṣẹ́ tí mo bá rán an, á dín tèmi kù, á sì fi tirẹ̀ dí àlàfo. Lẹ́tà ni tèmi.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìwé nìyí. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìkìlọ̀ kan náà ni gbogbo wọn gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ilé-iṣẹ́ tó ni ètò tó ń darí wọn ní òun kò ní bójú tó irú ètò yẹn mọ́ bó bá di ìparí oṣù kẹta. Kí n máa lo tuntun. Mo ní ó dáa, ẹ mú tuntun wá. Wọ́n ní tuntun kò lè wọ inú kọ̀ǹpútà tèmi, pé ó ti dàgbà jù, kí n lọ ra òmíràn. Kọ̀ǹpútà tí mo fi tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó lánàá!

Mo rò pé èmi ni mo ni àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àṣé ayálégbé ni mí nínú ẹ̀rọ tí mo fi owó ara mi rà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè wọ́n ní Onílé. Mi ò sì mọ ibi tí mo lè kó lọ, torí gbogbo àdúgbò, ọ̀dọ̀ Onílé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti fi pamọ́. Ó ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n wá máa gbé yàrá ẹ̀yìn ilé òun, kí n máa mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. "Màámi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Ó ti kun yàrá náà ní ọ̀dà pàápàá. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni mi ò fẹ́ràn. Àdéhùn ṣọ́ọ̀bù mi máa parí ní ìparí oṣù kẹrin. Bí mo bá rí ìwé ìdánwò ilé-ìwé tẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún, màá tún àdéhùn ṣe. Bí mi ò bá rí i tẹ̀, mi ò mọ àwáwí tí mo tún máa ṣe.

O sọ fún mi pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lò ń ṣe lókè òkun níbẹ̀ yẹn. Mo fi yangàn fún Baba Fọtokọ́pì tó wà ní òdìkejì títì, ó ní, "Ìyá Atẹ̀wé, ṣé òun ló ń tì wá mọ́ ìta?" Ṣé ìwọ ni? Ó sì ti pẹ́ tí o ti kọ̀wé. Ọmọ tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kò rí ọ̀rọ̀ bá ìyá rẹ̀ sọ.

Èmi ni, láti ṣọ́ọ̀bù tó ṣì ṣí sílẹ̀,
Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú orúnkún. Ní ti pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé, mi ò ní àwíjàre, ẹ ṣáà fi orí jì mí.

Rárá o, èmi kọ́ ni mò ń tì yín mọ́ ìta. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá Onílé du àyè ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà ti bá Onílé ṣe àdéhùn, débi pé ètò rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ kó tó kúrò nílé ẹni tó ṣe é. Ilé ìwé ń lò ó torí pé ọ́fíìsì ń lò ó. Ọ́fíìsì ń lò ó torí pé òun ni wọ́n fi kọ́ àwọn èèyàn nílé ìwé. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ni gbogbo ilé tó wà ládùúgbò, kí ló máa tún òrùlé ṣe sí? Ibo ni ayálégbé fẹ́ lọ?

Ètò tiwa yàtọ̀. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló para pọ̀ kọ ọ́, bí wọ́n sì ṣe kọ ọ́ wà ní gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó kà á. Ẹni tó bá rí àléébù, kó tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó lè fi ti ẹnikẹ́ni mọ́ ìta. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà. Àbùkù rẹ̀ ni pé àwọn tó kọ ọ́, irú ara wọn ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àwa tí a jọ wà ní yàrá kan níbi iṣẹ́ ni pé kí ètò náà rọrùn fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jáde lójú rẹ̀ ní èdè wa, èmi ni mo kọ wọ́n.

Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà ń bọ̀ wálé fún ìsinmi. Mo fi fláàṣì kan rán an sí yín, ìlànà bí ẹ ṣe máa lò ó wà nínú àpò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo iṣẹ́ yín sórí fláàṣì mìíràn. Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan méjì yòókù o. Ẹ má sì bẹ̀rù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń ṣe é. Àmọ́ mo rántí bí ẹ ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Àìkú tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì: ẹ ó máa to ṣíbí tí ẹ ti tò tẹ́lẹ̀.

Ọmọ yín tó ń retí èsì,
Àbíkẹ́yìn.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Àbíkẹ́yìn mi,

Má jẹ́ kí ìwé ọwọ́ mi yà ọ́ lẹ́nu. Ìdí tí mi ò fi tẹ̀ ẹ́ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì rẹ dé láyọ̀, ọmọlúàbí ni. Mo tẹ̀ lé ìlànà rẹ bí o ṣe kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ògiri kú, ó jí, ó sì kí mi ní èdè wa: "Ẹ káàbọ̀." Mo dá a lóhùn. Baba Fọtokọ́pì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mo ní ọmọ mi ni.

Ó yá ju ti Onílé lọ. Ọwọ́ mi ṣì ń lọ síbi tí nǹkan wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun tó ń fi orí gbá ògiri tó bá fẹ́ lọ tọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń mọ́ mi lára. Baba Fọtokọ́pì bèèrè pé ta ló wá ni ín. Mo ní gbogbo ayé ni. Ó ní, "Áà, ilé ẹbí! Gbogbo wọn ló ni ín, àmọ́ tí òrùlé bá ń jò, oníkálukú á máa wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Mo ní ọmọ mi wà lára àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n kí ọ, kí o gbá abẹ́ àga dáadáa.

Ó wù mí débi pé mo fi í sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kejì. Mo mọ̀ pé o ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ń kó jáde nílé onílé, mi ò kì í fi ẹrù sẹ́yìn.

Wàyí o. Mo so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ògiri kí n lè tẹ ìwé ìdánwò, ni ohun kan bá yọ lójú kọ̀ǹpútà. Mo dà á kọ bó ṣe rí:

"Ètò kan ń bèèrè agbára alábòójútó. Ṣé ẹ gbà? Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́."

Mo jókòó tì í. Ètò wo? Agbára láti ṣe kí ni? Alábòójútó wo, nígbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù? Mo wá rántí ohun tí o kọ sí mi, pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jáde níbẹ̀, ìwọ lo kọ ọ́. Ìwọ ló ń bi mí nìyẹn. Ọmọ mi kò sì lè bi mí ní nǹkan kí n máa dá ẹ̀rọ lóhùn. Ní ọ́fíìsì ìtẹ̀wé tí mo ti fẹ̀yìn tì, ọ̀nà kan ṣoṣo la mọ̀: ìwé tí kò bá sọ ẹni tó kọ ọ́ àti ohun tó ń fẹ́, a kì í fọwọ́ sí i, a kì í sì í ya á. Ńṣe la máa ń dá a padà fún ẹni tó fi ránṣẹ́. Mo dá a padà fún ọ. Mo gbìyànjú méjì yòókù, ìbéèrè kan náà ni; mo fi aṣọ bo wọn kí ẹlòmíràn má lọ bá mi dáhùn.

Èsì mi nìyí: tó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ agbára náà, mo gbà. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn, mi ò gbà.

Jọ̀ọ́, má fi falẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ ìwé ìdánwò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin.

Èmi tí mò ń dúró,
Ìyá rẹ.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò rí lẹ́tà yín gbà láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti lọ, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ń gbọ́ nípa yín. Ó ní ẹ ti fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà bí ẹni bo òkú. Ó ní òun bèèrè lọ́wọ́ yín kí ló dé, ẹ ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Ó ní ẹ kàn máa ń jókòó, ẹ ó máa wo títì.

Màámi, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Mo ti sọ̀rọ̀ yín dé iwájú ọ̀gá mi. Mo sọ fún gbogbo yàrá wa pé ìyá mi ń fi ètò wa ṣiṣẹ́ ajé. Wọ́n ń bi mí láràárọ̀ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Tí ẹ bá ti padà sọ́dọ̀ Onílé, ẹ sọ fún mi. Tó bá jẹ́ pé yàrá ẹ̀yìn ló ti ń wù yín, ẹ sọ ìyẹn náà. Àwa lẹ máa ń sọ fún pé ẹni tó bá ti ti ẹsẹ̀ bọ omi kì í pariwo òtútù. Ó dùn mí pé ẹ ò gbìyànjú ju báyìí lọ.

Àbíkẹ́yìn.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á tán, mo yí àpò rẹ̀ padà wò bóyá orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀ lóòótọ́.

Ìwọ ni mò ń dúró dè. Mo ti kọ̀wé sí ọ ṣáájú kí o tó kọ èyí. Tí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó yẹ kó o ti bi ara rẹ pé kí ló lè dé, kí o tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ sin òkú tí kò kú.

Ọ̀gá ilé-ìwé wá. Mo ní kó ní sùúrù, pé mò ń retí èsì. Ó ní, "Màmá, lọ́wọ́ ta ni?" Mo ní lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó ní, "Ọmọ yín tó wà lókè òkun ni ìdánwò àwọn ọmọ mi ń dúró dè?" Ó rẹ́rìn-ín, ó kó ìwé rẹ̀, ó sọdá sí ọ̀dọ̀ Baba Fọtokọ́pì. Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀, wọ́n máa wá kó ẹrù ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù yìí.

Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ kó o mọ ẹni tó dákẹ́ nínú àwa méjèèjì.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Màámi mi àtàtà,

Lónìí ni ìwé ọwọ́ yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Èsì ni mo máa fi ṣáájú ìkíni, ẹ má bínú: ẹ tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Ètò tó máa jẹ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ ló ń bèèrè àyè láti wọlé. Kò ní ba nǹkan kan jẹ́. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá sọ fún yín lónìí yìí, torí lẹ́tà yìí á pẹ́. Mo ní kó má yọ nǹkan kan kúrò, kó má sì fi nǹkan kan kún un. Ó ní, "Ṣé Bẹ́ẹ̀ ni nìkan? Gbogbo ohun tó ti ń dá wọn dúró nìyẹn?" Ó ní òun ti rò pé ẹ kàn ń ṣọ̀fọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni.

Mo gbé lẹ́tà yín lọ síbi iṣẹ́, mo ka ibi tí ẹ ti dà á kọ sí wọn létí. Ọ̀gá mi ní, "Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ń ka nǹkan wọ̀nyẹn. Gbogbo èèyàn ló ń tẹ Bẹ́ẹ̀ ni." Mo ní ẹnì kan kà á. Ẹni tí a jọ ń ya ojú ètò náà wá ní, "A jẹ́ pé ẹni tí kò bìkítà ni ìbéèrè yẹn ń jẹ́ kó kọjá, ẹni tó fara balẹ̀ ló ń dá dúró." Mo kọ tuntun. Ó gùn bí ìwé ẹjọ́. Ọ̀gá mi ní ká wò ó, ẹ̀yin pàápàá kò ní kà á dé ìparí, òótọ́ ló sì sọ. A fà á títí, a gé e, a tún un kọ. Bó ṣe rí báyìí nìyí:

"Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ kọ̀ǹpútà yìí nílò ètò kékeré kan kó tó lè ṣiṣẹ́. Ṣé kí a fi í sí i? Tí ẹ kò bá tíì fẹ́, kò sí ohun tó máa bàjẹ́."

Mo ti fi fláàṣì tuntun ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń gbé ẹrù kíákíá, ó lè dé ṣáájú lẹ́tà yìí pàápàá. Ohun tí kò bá yé yín níbẹ̀, ẹ dà á kọ, ẹ dá a padà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹ̀gbọ́n mi sí mi bó bá jẹ́ ohun kánjúkánjú, kódà bó bá dín in kù díẹ̀.

Mo ti fi ìyá tó ń fi òótọ́ inú dúró dè mí pe ẹni tí kò gbìyànjú. Lẹ́tà tí mo kọ gbẹ̀yìn yẹn, bó bá ti dé, ẹ dá òun náà padà fún ẹni tó fi ránṣẹ́.

Ọmọ yín tí ojú ń tì,
Àbíkẹ́yìn.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Àbíkẹ́yìn mi,

Ojú kì í ti ọmọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Dìde nílẹ̀. Mo ti rí lẹ́tà rẹ, mo ti rí fláàṣì. Ṣé o ti jẹun?

Ẹ̀gbọ́n rẹ jíṣẹ́. Ó sáré wọlé, ó ń mí, ó ní, "Màámi, ó ní kí ẹ tẹ Bẹ́ẹ̀ ni." Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi ọjọ́ sí i. Ó wò mí, ó kọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tún ọ̀fun ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo jókòó, mo ń wo bébà tó fi ń dán ara rẹ̀ wò, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ tẹ̀. Iṣẹ́ ilé-ìwé ti lọ.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù pé. Ẹ̀gbọ́n rẹ mú onímọ́tò wá. Ó ti gbé ìrọ̀rí àga mi lé èjìká nígbà tí Baba Fọtokọ́pì sọdá títì wá, fìlà lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Atẹ̀wé, ẹ gbà mí. Onílé ti tì mí mọ́ ìta." Kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbé ìkìlọ̀ jáde pé àṣẹ tó fi ń lo ètò Onílé ti tán, kò sì fẹ́ ṣí. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀, ó ti tẹ̀ wọ́n tán, kò tíì rí wọn mú jáde sórí bébà. Ọ̀gá ilé-ìwé, tó ti sún ọjọ́ ìdánwò síwájú nítorí ìdádúró tèmi, fẹ́ ẹ lọ́jọ́ kejì.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó wù mí kí n bi í pé ṣé ilé ẹbí ò wá dára ju ìta lọ. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo gbé e mì. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Mo mú fláàṣì tuntun, mo tẹ̀ lé e lọ. Mo ṣe é bí o ṣe kọ ọ́ sínú ìlànà, pé kọ̀ǹpútà lè ti ara fláàṣì jí láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó jí. Iṣẹ́ àwọn ọmọ wà níbẹ̀ láìsí ìyọnu. Baba Fọtokọ́pì jókòó, ó so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ mọ́ ọn, ni ìbéèrè rẹ bá yọ.

Mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé. Ó ń kà á, ètè rẹ̀ ń lọ. Ó ní, "Ẹ̀n-hẹ́n, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni." Ó tẹ̀ ẹ́. Ó sì ń bá ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń sọ tẹ́lẹ̀ lọ. Kò wẹ̀yìn wò mí. Mo rò pé ó yẹ kó o mọ ìyẹn: kò wẹ̀yìn.

Ìwé náà pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ kan lè tẹ̀ tán lọ. A pín in, ìdajì lọ́dọ̀ rẹ̀, ìdajì lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ ìrọ̀rí kalẹ̀, ó ń to bébà, ó ń kàn án pọ̀. Onímọ́tò bínú lọ. Nígbà tí a parí, ó ní, "Màámi, ta ni kí n wá fi yàrá yẹn fún?" Mo ní kó kó àwọn ọmọ sí i, pé wọ́n ti dàgbà ju ẹni tó ń sùn pọ̀ mọ́ ìyá wọn. Ó ní orí kunkun kan náà ni èmi àti ìwọ ní. Mo ti tún àdéhùn ṣọ́ọ̀bù ṣe. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí èmi àti Baba Fọtokọ́pì jọ máa ṣe iṣẹ́ òun láti ìsinsìnyí lọ.

Ìbéèrè tuntun náà dára. Ó ṣì gùn díẹ̀, kí o sọ fún ọ̀gá rẹ pé mo gbè é lẹ́sẹ̀ níbẹ̀.

Baba Fọtokọ́pì kò ní kọ̀wé sí ọ láé, kò rí ohun tó fẹ́ bi ọ́. Èmi náà, gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bi mí lọ́sẹ̀ yìí, mo dá a lóhùn fúnra mi. Nítorí náà, má wá ìbéèrè kankan nínú lẹ́tà yìí. Mo kàn ń kọ̀wé sí ọmọ mi ni.

Ìyá rẹ.